Ọkọ̀ Ojú Irin Páálí Tí Mo Bà Jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ó ti rẹ̀ mí. Àìsàn kíndìnrín yìí nìkan kọ́ ló rẹ̀ mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi, tí dókítà kì í sì í wo ojú mi mọ́ bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbé sínú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló rẹ̀ mí jù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Agbára àtisá kò sí lára mi mọ́. Mo ti jókòó sójú ọ̀nà, kí òtítọ́ wá bá mi níbẹ̀. Orúkọ mi ni Bísíríyù Oríyọmí, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba, Ìkòròdú sì ni ilé mi wà. Èmi ni mo ba ọkọ̀ ojú irin tí ọ̀rẹ́ mi Sànní Mojúbàolú fi páálí ṣe jẹ́, tí mo sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ru ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Sànní, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rìn nínú Èkó láyé òyìnbó, èyí tí ojú irin rẹ̀ tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí géńdé fi lè dúró kí ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ irin ọ̀tún, kí ó fi èkejì tẹ ti òsì. Wọ́n ní ó ń kó èrò, ó sì tún ń kó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú lọ dànù. Sànní a máa fi èyí ṣẹ̀fẹ̀, a ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ìdílé wa ti gbé gbogbo Èkó rí, àtẹni tó jẹun, àtohun tó jẹ.” Àwòrán kan ṣoṣo ni bàbá àgbà náà fi sílẹ̀. Ara àwòrán yìí ni Sànní ti ń wo bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Ilé ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, níbi tó ti ń tọrọ wáyà bàbà tí ọkùnrin náà fẹ́ gbé dànù. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní ọwọ́ ìdìmú fún ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn tí kò gùn ju ìka lọ. Mo rò pé orí rẹ̀ kò pé. Kí oṣù kan tó pé, orí tèmi náà kò pé mọ́.

Kò sí ọjà tí a ti lè ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí àwọn ará ilé bá kó sí ààtàn ni a fi ń ṣe é. Páálí kọnfíléèsì ni ara ọkọ̀, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni òrùlé, nítorí ó le. Ike gígùn tí wọ́n ń kó fítámì sí ni àgbá omi gbígbóná ẹ̀rọ, ìdérí bírò ni èéfín ń bá jáde, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni ẹsẹ̀, igi ìṣáná ni àga èrò. Bí a bá fẹ́ kí ó dà bíi pé ìṣó ni wọ́n fi kan irin mọ́ra, a ó dojú páálí délẹ̀, a ó fi ẹnu bírò tó ti gbẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì yọ gọngọ sí iwájú. Tèmi a máa wọ́. Ti Sànní a máa tò gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Irú àìsàn tó ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ni, dókítà sì ti sọ fún un pé yóò ṣú pátápátá. Ó fi ọdún mẹ́ta ṣe ẹ̀rọ kan àti kọ́ọ̀ṣì èrò méjì. Ó sọ fún mi pé, “Bísíríyù, àṣegbẹ̀yìn nìyí. Bí ojú yìí bá ti lọ, ọwọ́ náà ti jókòó nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ á máa rí i.”

Àwọn ọmọ tó ń wí ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú. Ọ̀gá àgbà wọn, Ìyáàfin Agnes, ti pinnu láti gbé ọ̀kan nínú iṣẹ́ wa sínú àpótí gíláàsì ní yàrá ìkàwé, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sábẹ́ rẹ̀. Mo sáré gbé tèmi lọ hàn án, kẹ̀kẹ́ páálí kan tí mo ṣe bí èyí tí wọ́n fi ń fa igi gẹdú. Ó yí i wò, ó ní, “Bàbá, ó dáa o. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ti ọ̀rẹ́ yín ní Ẹ̀pẹ́ ju báyìí lọ. Sátidé ni mo máa lọ wò ó.” Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, n kò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ogójì ọdún ni mo fi kọ lẹ́tà tí ẹlòmíràn ń fọwọ́ sí. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà lábẹ́ nǹkan kan kí n tó kú. Ẹ wo ohun tí àgbàlagbà ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń fọ́jú dù! Ìlara ni, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, mo wọ mọ́tò gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Òjò ń ṣú bọ̀. Ọkọ̀ náà wà lórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé, ó ń dán. Sànní ti kun òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà àti fánísì, ṣùgbọ́n kò tíì kun abẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: òkè ní láti gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí a tó dojú rẹ̀ dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà yóò lẹ̀ mọ́ ohun tí a bá gbé e lé. Òjò kò lè ṣe òkè rẹ̀ ní ohunkóhun mọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ páálí lásán. Ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, èmi àti Sànní nìkan ló mọ èyí. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì, ó ní, “Ṣé o ò ní bá mi lọ ni?” Mo ní orúnkún ń dùn mí, n ó kírun nílé. Mo gbé búútà, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé láti ṣe àlùwàlá. Munirah, ọmọ Sànní kan ṣoṣo, tó jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún nígbà náà, sáré lọ sétí ọ̀sà láti kó ẹja tí wọ́n sá. Nígbà tí mo padà wọlé, fèrèsé wà ní títì, ilé sì dákẹ́. Tówẹ́lì tí mo fi nu ẹsẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

N kò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Mo dúró níwájú tábìlì náà pẹ́ tó láti yí ọkàn padà. Mo tẹ́ tówẹ́lì náà, mo da omi tó kù nínú búútà lé e títí ó fi rin gbingbin, mo wá gbé ẹ̀rọ àti kọ́ọ̀ṣì méjèèjì lé e lórí, jẹ́jẹ́, kí n má baà ha ọ̀dà òkè. Ẹ gbọ́ o: mo ń ṣọ́ra fún ọ̀dà òkè! Mo tẹ́ ẹní ìrun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kírun. Rákà mẹ́rin pé pérépéré. Mo tún jókòó, mo ń ka tẹ́sùbáà. Nígbà tí mo dìde, abẹ́ rẹ̀ ti wú, gọ́ọ̀mù ti yọ́, bọ́tìnnì ti ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ tówẹ́lì náà, mo fún un, mo fi í kọ́ sórí okùn lẹ́yìnkùlé níbi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbàgà.

Munirah ló kọ́kọ́ dé, igbe rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ sì gbọ́ láti ojú ọ̀nà. Sànní wọlé, ó tẹ̀ mọ́ tábìlì kí ojú rẹ̀ lè ká a, ó na ọwọ́. Mo yára gbé ọkọ̀ náà kúrò níwájú rẹ̀, mo ní, “Má fọwọ́ kàn án, yóò fà ya.” Ká ní ó fọwọ́ kàn án ni, ìka rẹ̀ ì bá sọ fún un pé abẹ́ ló wú, pé òkè ṣì le. Òjò tó gba ojú fèrèsé wọlé kì í bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́. Ó ní, “Munirah, ta ló fi fèrèsé sílẹ̀?”

“Bàbá, mo tì í. Mo fi ìkọ́ há a.”

“Ta ló wá ṣí i?”

“Mi ò mọ̀, sà. Wàláhì, mo tì í!”

“Má búra. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, mo lè gbà á. Ṣé Ọlọ́run lo wá fẹ́ fi bo irọ́ mọ́lẹ̀ lójú mi?”

Ọmọ náà yíjú sí mi. “Bàbá Ìkòròdú, ẹ̀yin náà wà nílé. Ṣé ẹ ò rí i pé mo tì í ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. N ò rí nǹkan kan.”

Sànní kò nà án, kò sì lé e jáde. Ó kàn dẹ́kun láti máa fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá lọ tán, ìyàwó aládùúgbò ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́sáláṣí, tí Munirah ń gbé bàtà bàbá rẹ̀ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ìyáàfin Agnes gbé kẹ̀kẹ́ gẹdú mi sínú àpótí gíláàsì náà. Sànní fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé, “Ẹ gbé ti ọ̀rẹ́ mi. Òun náà mọ iṣẹ́.” Mo gba ọkọ̀ tó bàjẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní n ó tún un ṣe. Inú páálí bàtà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà dòní.

Ẹ ó ní èyí tó burú jù nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, Sànní dùbúlẹ̀ àìsàn tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní dìde níbẹ̀. Munirah fà mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Bàbá Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bínú mi lọ.” Ibi tí a dúró sí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ni n ò lè gbé. Mo ní, “Munirah, jẹ́wọ́. Sọ fún un pé o gbàgbé fèrèsé, pé ẹ̀rù ló mú ọ búra. Yóò dárí jì ọ́.”

Ó ní, “Ṣùgbọ́n mo tì í, sà.”

Mo wo ojú rẹ̀ korokoro, mo ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

Ó ní, “Ó ti pẹ́. Mi ò mọ̀ mọ́.”

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Sànní fi ọwọ́ wá orí rẹ̀ títí ó fi kàn án, ó ní, “Ó ti tán. Mo dárí jì ọ́. Má ṣe fi orúkọ Ọlọ́run búra èké mọ́ láyé rẹ.” Ó ní, “Mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá.” Èmi tí mo dúró lẹ́yìn wọn, mo ṣe àmín. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Ó lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òpùrọ́ ni ọmọ tí òun bí, èmi ni mo sì fi ìgbàgbọ́ yẹn dì í ní ẹrù. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹní yẹn gan-an, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí mo ṣẹ̀ kọ́ ni mo ń bẹ̀.

Ìmọ́tà ni Munirah wà nílé ọkọ báyìí. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, nítorí náà òun ló ń wá láti Ìmọ́tà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti sìn mí lọ síbi ẹ̀rọ. Ó ní èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ tí bàbá òun ní. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń gé èékánná mi, ó sọ fún mi pé ọmọ òun, Ameerah, da mílíìkì nù, ó sì búra pé òun kọ́. “Mo nà án dáadáa, Bàbá Ìkòròdú. Mo mọ ohun tí irọ́ ṣe sí èmi àti bàbá mi.” Ọmọ ọdún márùn-ún ni Ameerah. Ta ló mọ̀ bóyá òun kọ́ lóòótọ́? Irọ́ tí mo pa ní Ẹ̀pẹ́ ti dé Ìmọ́tà, ó ti ń na ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí rèé tí mo fi gbé bírò.

Ìyáàfin Agnes, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú àpótí yẹn. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọjá níbẹ̀, bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín bá dára ju tiyín lọ, ẹ sunkún bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ sùn. Ilẹ̀ á mọ́. Tèmi kò mọ́ láti ọjọ́ náà. Munirah, n kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o tún padà wá síbi lẹ́yìn tí o bá ka èyí. Gbé páálí bàtà tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, ṣí i, dojú ọkọ̀ bàbá rẹ dé, kí o fi ọwọ́ rẹ kan abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bẹ Ameerah. Ìdáríjì tí bàbá rẹ fún ọ, èmi ló tọ́ sí kí n tọrọ rẹ̀, n kò sì tọrọ. Bí o bá lè fún mi lára rẹ̀, n ó gbà á. Bí o kò bá lè fún mi, mo gbà pé o jàre. Ṣùgbọ́n má tún bi ara rẹ léèrè mọ́ láé. O ti fèrèsé náà. Èmi tí mo wà lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ ìró ìkọ́ rẹ̀ nígbà tí o há a.