Àyè Ìbídùn

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì lànà dé ẹ̀bá òkun, tó jẹ́ pé omi nìkan ni ọ̀nà, Orímisàn, baba ńlá wa, ní ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ náà nìkan ló ní. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ohùn mi kò lọ sókè mọ́.

Ìyá oníyọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Fẹ̀yìntọ́lá. Ó ti sú ìyá yìí láti máa bá ọlọ́kọ̀ dúnàádúrà lọ́jọ́ ọjà gbogbo. Ló bá pe Orímisàn sí èbúté, níwájú àwọn àgbà.

"Orímisàn, jẹ́ ká ṣe àdéhùn ọdún kan. Iye tí mo bá san lẹ́ẹ̀rùn ni n ó san lójò. Mi ò ní gbé iyọ̀ mi fún ọlọ́kọ̀ mìíràn, bó tilẹ̀ fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù ẹlòmíràn mọ́ tèmi."

"Mo gbọ́, Ìyá. Bómi kún, bómi fà, iyọ̀ yín á dé ọjà."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àdéhùn dùn. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù jókòó sí èbúté, wọn ò rí ẹrù gbé. Orímisàn ń rí gbé. Òjò wá dé, omi ya, owó ọkọ̀ gòkè, àwọn kan náà wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Orímisàn, ìyàwó Fẹ̀yìntọ́lá! Ìgbà wo lẹ máa kọ ara yín sílẹ̀?" Á rẹ́rìn-ín, á sì máa tukọ̀ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ru débi pé kò sí ọlọ́kọ̀ mìíràn tó jáde. Iyọ̀ ti kún ọkọ̀ Orímisàn dé ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ gbé Ìbídùn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dé èbúté. Ara ọmọ gbóná bí ààrò. Oníṣègùn sì wà ní òkè odò, ní ìlú tí iyọ̀ náà ń lọ gan-an.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ sọ agbọ̀n méjì kalẹ̀, ká rí àyè tẹ́ ẹ sí."

"Iyọ̀ oníyọ̀ ni. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe tèmi lónìí. Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà."

"Àgbà wo ló bá mi bí i?"

Ó di àjẹ̀ rẹ̀ mú. "Tí mo bá ti já ẹrù yìí, mo ti ń padà bọ̀." Ọmọ náà nawọ́ sí i. Ó ti ọkọ̀ kúrò létí omi.

Ẹ̀yin ọmọ, ó tukọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí iná ń lé. Ó já iyọ̀, kò mumi, ó yí padà. Nígbà tó fojú kan èbúté, ìyàwó rẹ̀ ṣì jókòó síbi tó fi í sí. Ó ti fi aṣọ bo ọmọ lójú.

Fẹ̀yìntọ́lá gbọ́, ó sáré wá, ó wólẹ̀. "Iyọ̀, Orímisàn? Iyọ̀ tí òkun kún fún! Ṣé ọmọ rẹ ni mo pè ní ẹrù ẹlòmíràn?"

"Ẹ ò pè é bẹ́ẹ̀, Ìyá. Èmi ni mi ò béèrè."

Ó gbé iyọ̀ náà títí ọdún fi pé. Agbọ̀n kan kò sọnù. Ó bí àwọn ọmọ mìíràn lẹ́yìn náà, àwọn ló bí wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò pe ìkankan nínú wọn láìkọ́kọ́ pe Ìbídùn.

Ìdí nìyí tí ọmọ Orímisàn kankan, ì báà jẹ́ ọkọ̀ omi ló ní, ì báà jẹ́ tírélà, kì í gba ẹrù kún ẹnu. Kó tó dá ẹlẹ́rù lóhùn lórí iye, á ní, "Àyè Ìbídùn kò sí nínú àdéhùn wa o." Àyè agbọ̀n méjì tí a kì í di ẹrù sí, ibi tí ọmọdé lè sùn sí. Bí ẹlẹ́rù bá bínú lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ̀ ń wò mí pé bóyá àyè náà ti gba ẹnìkan là rí. Mo tukọ̀ títí apá mi fi kọ̀, mo sì ń bojú wẹ̀yìn wo àyè náà nígbà gbogbo. Òfìfo ni mò ń rí.