Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ni Bíréèkì Jíìpù Wa Wà

Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, ọkọ mi fẹ́ kó èmi àti àwọn ọmọ wa sínú jíìpù rẹ̀ lọ sí ìlú wọn l'Ékìtì, níbi tí títì ti da gẹ̀rẹ́ láti orí òkè wọ àárín ìlú. Jíìpù náà kò sì ní bíréèkì! Èmi nìkan ni mo gbà bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mẹkáníìkì wa, ní Múṣín. Àwọn ló tọ́ ọkọ mi, àwọn ló rán an níwèé, nítorí náà ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ojú Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe bàìbàì. Wọn kì í tú táyà wò mọ́, wọ́n á kàn fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, wọ́n á ní, "Ó ti mú." Bí epo bíréèkì bá gbẹ, omi ọṣẹ ni wọ́n ń bù sí i.

Lóṣù tó kọjá, bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì Jíbówú, bíréèkì wọlẹ̀ pátápátá. Òkìtì yanrìn ló gbà wá. Nígbà tí mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, ṣé ilé ọkọ lo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni?" Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ẹni tó gbọ̀n jìnnìjìnnì lórí yanrìn!

Mo yọ́ gbé jíìpù náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Sábó. Ó tú táyà, ó ní kí n wá wò ó: páàdì tó ń mú bíréèkì dúró ti jẹ tán, irin ló ń ha irin. Ó fi páàdì tuntun sí i, ó ju ti tẹ́lẹ̀ sínú búùtù, ó da omi ọṣẹ nù, ó rọ epo gidi sí i. Oorun mi wá dùn.

Àṣé Ẹ̀gbọ́n yóò rí i pé wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì táyà. Wọ́n ní mo ti sọ àwọn di òkú láàyè. Kí inú wọn lè rọ̀, ọkọ mi gbé jíìpù náà padà fún wọn. Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí búùtù, mo bá àwọn páàdì tuntun tí ará Sábó fi sí i níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ti yọ wọ́n, wọ́n fi bébà ṣìmẹ́ńtì wé wọn. Mo jókòó síwájú, mo tẹ bíréèkì. Ó rọ̀ wọlẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní ti tẹ́lẹ̀ kò tíì jẹ tán. Ṣé kí n pe ẹni tó tọ́ mi ní òpùrọ́ ni?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ àgbà ló ń wọ́ ọ ńkọ́? Bí mo bá kọ̀ tí n kò wọkọ̀, wọn á ní mo kórìíra ẹbí ọkọ. Bí mo bá wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn.

Mo ti ri kọ́kọ́rọ́ jíìpù mọ́ inú àpò gàrí. Láti àárọ̀ ni ọkọ mi ti ń wá a. Ẹ jọ̀wọ́, kí n fún un, àbí kí n má fún un?