Mo Ní Mo Rí Táyé Nínú Omi

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi pè mí lórí fóònù lánàá. N kò tíì padà sídìí ẹ̀wà náà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi pa mọ́ láti bí ogún ọdún. Bàbá àwọn ọmọ mi kú, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìbejì ni mo bí, obìnrin méjèèjì, ní Òwu, l'Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n jọra débi pé bàbá wọn máa ń ṣì wọ́n pè. Ibà ló mú Táyé lọ, wọn ò tíì pé ọmọ ọdún méje. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ìyá ọkọ mi sọ fún Kẹ́hìndé pé Táyé lọ ra iyọ̀ l'Ékòó.

Kẹ́hìndé gbà á gbọ́. Ó ní òun ò ní jẹun títí iyọ̀ yóò fi dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Àbúrò mi tó ń gbé l'Ékòó ní kí n mú un wá. Ó mú wa lọ síbi ìgbafẹ́ kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹranko àti ẹja fún ìran wíwò. Kẹ́hìndé ò wo ọ̀bọ, kò wo ọ̀nì. Ojú àwọn ọmọ tó ń kọjá ló ń wò.

A wọ yàrá kan tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn gíláàsì fífẹ̀. Àbúrò mi ti lọ ra omi. Kẹ́hìndé dúró síwájú gíláàsì, ó juwọ́.

"Mọ́mì, Táyé rèé. Ẹ ò rí i?"

Ara rẹ̀ ló rí nínú gíláàsì. Mo mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní mo rí i.

"Ṣé òtútù ò mú un?"

Mo ní ó ti mọ́ ọn lára. Mo ní Táyé ní kí Kẹ́hìndé máa jẹun, kó má dúró de iyọ̀ mọ́. Ó jẹ odidi búrẹ́dì kan nígbà tí à ń padà bọ̀.

N kò fi mọ síbẹ̀. Bí kò bá fọ abọ́, mo ní Táyé ń wò ó. Ó bẹ̀ mí pé kí a padà lọ, mo ní wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Wọn ò tì í. Nítorí mo ti ní Táyé wà nínú omi, n kò lè sunkún rẹ̀ lójú ọmọ náà. Nígbà tó yá, ẹkún náà ò wá mọ́. Kò tíì wá dòní.

Kẹ́hìndé ti dàgbà, ó mọ̀ pé èkejì òun kú. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ó fara han òun, àti pé èmi náà rí i. Ó ti lóyún báyìí, ní Ewékorò tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Àyẹ̀wò fi hàn pé ìbejì ni. Ẹ̀rù ń bà á pé ọ̀kan lè lọ. Ohun tó ní ó ń fi òun lọ́kàn balẹ̀ ni pé Táyé ò jìnnà.

Lánàá, bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ Táyé yìí fún mi lórí fóònù, mo gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ fún un pé: "Ìyá Ìbejì, ara ẹ lo rí nínú gíláàsì. Ìwọ lò ń juwọ́ sí ara ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní n ó pè wọ́n padà. N kò tíì pè. Bí mo bá sọ òtítọ́, n ó tún mú Táyé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tòun toyún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ? Ohun tó sọ kẹ́yìn kí n tó gé fóònù nìyí:

"Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún un. Ṣebí ẹ̀yin náà rí i."