Àárọ̀ tí bọ́ọ̀sì Bàbá Ràímì kọ̀ láti gbé wa lọ Àpòmù

Ìgbà tí irun ṣì kún orí mi, tí mo ń yà á sí ẹ̀gbẹ́ kan… ẹ má rẹ́rìn-ín, irun wà níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Pólì ni. Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí kò bi mí. Ìyá yín nìkan ló kù kí n fẹ́.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń fẹ́ra yín lórí fóònù lónìí o. Bàbá ìyá yín, Àlàájì tó wà ní Àpòmù, kì í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ́kọ́ wá tọrọ ìyá yín pẹ́ dé. Àlàájì ti gbé àdá, ó ti lọ sóko. Ọ̀rọ̀ onítọ̀hún parí síbẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ sí wa ní Ìkirè: "Kí oòrùn tó kan àtàrí, kí ẹ ti dé. Bí ẹ ò bá dé, mo ní ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ gbìn."

Ìkirè sí Àpòmù, ṣé ìrìn àjò nìyẹn? Ẹ sín níbí, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kí yín ní pẹ̀lẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Ràímì, ní bọ́ọ̀sì òun ni a ó gbé lọ. Bọ́ọ̀sì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti kú, Sàká mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tòkunbọ̀ sí i. Ó ku ọ̀la ká lọ, ó dún dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù Sàká. Bàbá fẹ́ kí Àpòmù náà gbọ́ dídún rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. A di iṣu, a di obì, àwọn àgbà jókòó sínú ọkọ̀. Bàbá ní bísímílà, ó so tẹ̀sùbáà rẹ̀ kọ́ ibi tó máa ń so ó kọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Wàn-wàn-wàn-wàn… Ó ń yí, kò dáhùn.

Ibi tó ń so ó kọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ayé ìgbà yẹn, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Irin kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó dorí kodò. Ẹ ó fà á wá sílẹ̀, okùn wáyà rẹ̀ á dí ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì ní pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnnì á kú; tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á fò padà sókè. Ti Bàbá ti dípẹtà. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ ti dáṣíbọọ̀dù kó tó rí i fà! Ló bá sọ ọ́ di ìkọ́. Tẹ̀sùbáà yẹn, láti Mẹ́kà ni, òkúta ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tuntun fúyẹ́ jù ú lọ.

Sàká dé pẹ̀lú sípánà. "Afẹ́fẹ́ ló há sí páìpù." Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. A tú nọ́ọ̀tì, a fi ọwọ́ fa dísẹ́ẹ̀lì títí kò fi hó mọ́. A yí i. Wàn-wàn-wàn. A pààrọ̀ bátìrì. Ó yí kíákíá sí i, kò dáhùn. Mo tú páìpù tó jáde lára pọ́ǹpù… gbígbẹ. Dísẹ́ẹ̀lì ń wọlé, kò jáde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gun ọ̀kadà."

"Ọ̀kadà? Ta ló gun ọ̀kadà lọ tọrọ ìyàwó nílé wa? Àwa tí a ní ẹ́ńjìnnì!"

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì gbọ́ pé àwa la ni ín."

Àǹtí Sàlámọ́tù, àbúrò Bàbá, nawọ́ láti ẹ̀yìn: "Bùọ̀dá mi, ẹ so tèmi náà mọ́ ọn. Àdúrà kì í pọ̀ jù." Tẹ̀sùbáà di méjì.

A ní ká tì í. Àwọn àgbà kọ̀, wọn ò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní agbádá àwọn á rún. A ti ọkọ̀, a ti iṣu, a ti àgbà. Oòrùn ń gòkè. Mo ń rí Àlàájì lọ́kàn mi, ó ń pọ́n àdá.

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ kí rákà méjì." Òun àti Àǹtí yọ tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n wọ mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Èmi jókòó sí ipò dírẹ́bà, mo kàn yí i ṣáá…

Ó dáhùn!

Bàbá sáré jáde, omi ti lé sí i lójú. "Ṣé ẹ rí iṣẹ́ Ọlọ́run?" Ó gun ọkọ̀, ó so tẹ̀sùbáà méjèèjì padà.

Ẹ́ńjìnnì kú.

Bàbá wo tẹ̀sùbáà. Ó wo iwájú ọkọ̀. Ó rọra bi Sàká: "Sàká, níbo lo ti ra ẹ́ńjìnnì yìí? Àbí kèfèrí ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Tẹ̀sùbáà ti fa irin yẹn wá sílẹ̀ gbọọrọ. Sàká ti yọ wáyà tó dípẹtà, ó ti fi tuntun sí i, ó sì fi gíríìsì pa á. Ó ṣe é dáadáa, ìyẹn gan-an ni wàhálà! Tí mo bá ní kí n là á yé Bàbá níbẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, ẹ̀yin ì bá sì máa jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní, "Bàbá, àlejò ni ẹ́ńjìnnì yìí, kò tíì mọ ilé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú tẹ̀sùbáà dání títí a ó fi dé."

Mo wé méjèèjì mọ́ ọwọ́. Irin yẹn fò padà sókè, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn. A gbéra.

Nígbà tí a dé Àpòmù, Àlàájì ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá. Mo fò sílẹ̀, gíríìsì dé ìgúnpá, tẹ̀sùbáà méjì lọ́wọ́. Ó wò mí, ó wò mí… Ó gbé àdá ti ògiri.

"Ẹni tó kun gíríìsì tó báyìí, tí kò gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Ọmọ mi nìyí. Ẹ wọlé."

Ṣé kí n já a nírọ́ ni? Títí Àlàájì fi kú, tí mo bá ti dé Àpòmù, èmi ni wọ́n máa ń ní kó ṣe àdúrà, àdúrà gígùn. Orúnkún tó ń dùn mí yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ràímì ńkọ́? Mo kan ìṣó kan sí òkè wíńdò fún un, mo ní kó máa so ó kọ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ ò kú mọ́. Ló bá ń sọ káàkiri Ìkirè pé ẹ́ńjìnnì òun ti gba ẹ̀sìn.

Lóde òní, wọ́n á ki wáyà bọ ọkọ̀, fóònù á sọ ohun tó ń ṣe é. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣiṣẹ́ lánàá tó kọ̀ lónìí, kí ẹ tó tú u palẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín so kọ́ ọ láàárọ̀… Háà. Bàbá Ràímì. Tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì yẹn ì bá ti lọ sí Mẹ́kà.