Ọjọ́ Tí Kánẹ́ẹ̀lì Wa Jí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú mi yìí, n kò lè sọ ọ́ fún ìyá mi, n kò sì lè sọ ọ́ fún Múfú ọ̀rẹ́ mi, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ dá lé. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa so yìgì rẹ̀, ìyàwó sì ti ní èmi ni kí n jókòó ti òun. Ta ni mo fẹ́ sunkún fún?

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú nilé wa, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà ní Mọ́lété. Múfú ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bẹẹrẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé tèmi tó bàjẹ́ lọ tí a fi dọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Jẹ́ ká fọwọ́ ara wa kọ kánẹ́ẹ̀lì." Kánẹ́ẹ̀lì yìí ni ètò tó ń kọ́kọ́ jí tí a bá tan kọ̀ǹpútà, òun ló ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ètò yòókù. Èkùrọ́ ni òyìnbó ń fi orúkọ náà pè, ni Múfú bá ń ṣàwàdà pé, "Èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Èmi àtìẹ la jọ máa jinná." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé. Èmi gbé e délé.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti jáde níléèwé, Bẹẹrẹ ni mò ń yà sí. Lẹ́yìn ìrun alásárì, tí oníbàárà bá dín kù, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. A kò dán iṣẹ́ wa wò lórí ẹ̀rọ gidi, ká má baà ba ti ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ètò kan wà tó máa ń ṣe bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ la ti ń tan kánẹ́ẹ̀lì wa. Tó bá kú, a ó tún un tàn. Ó mà kú o! Ojú ẹ̀rọ tó dúdú lásán là ń rí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Múfú á ní, "Má banú jẹ́, á jí," a ó sì jọ jẹ bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà. Kí n má parọ́, àìjí rẹ̀ ń dùn mọ́ mi nínú. Tó bá jí, kí ni n ó tún máa wá ṣe ní Bẹẹrẹ?

Nígbà tó yá, kánẹ́ẹ̀lì wa ń kọ̀wé sójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí a bá ti tẹ bọ́tìnnì kan péré, ó kú nìyẹn. Èmi ni mo rí ohun tó ń pa á. Kánẹ́ẹ̀lì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti dá bọ́tìnnì lóhùn, a kò sì kọ́ ọ pé kó sàmì síbi tó dúró sí kó tó lọ. Mo tún un kọ. Múfú tẹ "A dúpẹ́", gbogbo rẹ̀ jáde kedere! Ó fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo ní òní ni n ó sọ tọkàn mi. Kí n tó lanu, ó ti gbé fóònù sétí: "Rámótà! Ó ti jí o! Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún!" N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn tó fi pè é. Irú ohùn tí mo fi ń pe Múfú nínú ọkàn mi ni.

Ta ni n ó bá jà? Kò ṣèlérí fún mi rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ Pópó Yemọja ni Rámótà, ó ń ránṣọ. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, n kò rí i ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Múfú ní ẹ ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìgbéyàwó wa fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Kò lè dá a ṣe."

Mo fà á dìde. "Mo gbọ́, àbúrò mi. Mò ń bọ̀."

N kò tíì lọ. Kánẹ́ẹ̀lì wa kò tíì lè tọ́jú fáìlì kankan, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀, mo sì nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ ẹni tí a jọ ń ṣe é. Tí mo bá sá fún ọ̀kan, méjèèjì ló lọ. Tí mo bá sì padà, ṣé ojú mi ò ní tú mi fó níwájú ọmọ tó kúnlẹ̀ fún mi? Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òun, tí ẹ ṣì ń bá a ṣọ̀rẹ́ títí ara fi tù yín, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ bá mi dá sí i kó tó di Jímọ̀.