Ẹ̀kọ Àárọ̀ Tí Mo Fi Bo Dókítà Lójú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí korò lẹ́nu mi ju ewúro tó dá lé lórí lọ. Ǹ bá ṣì gbé e mì, ṣùgbọ́n Dókítà tún pè mí lọ́sẹ̀ yìí. Ó fẹ́ kí n mú òun wọ Èmùré-Ilé bí mo ṣe mú un wọ Ìdóàní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ìdí ewé ni ọkàn mi wà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Orí fóònù ni mo ti ń kà á. Mo mọ̀ pé ibòji ni a ń sá ewúro sí, kì í ṣe oòrùn. Mo mọ̀ pé bí a bá fọ̀ ọ́ títí tí kò fi hó mọ́, ohun tí à ń wá nínú rẹ̀ ti bá omi lọ.

Dókítà ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìwádìí tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn oyè náà, lórí ìsanrajù, àtọ̀gbẹ àti àwọn ewé tó lè bá wọn jà. Òkè òkun ló dàgbà sí, Yorùbá kò já geere lẹ́nu rẹ̀. Èmi ló fi ṣe ògbufọ̀.

Ìdajì àwọn obìnrin alátọ̀gbẹ tó kó jọ ní Ìdóàní ń mu tíì ewúro, ìdajì ń mu tíì mìíràn tí kò lágbára kankan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó ń mu èwo. A ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn níbẹ̀rẹ̀, a ó tún gbà á níparí. Dókítà ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi omi. Mo gé e kúrú. Mo ní, "Ẹ má jẹun o."

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ pé, Dókítà bi àbúrò màmá mi, Màmá Dúpẹ́, bóyá ó ti jẹun.

"Oúnjẹ kẹ̀? Iyán alẹ́ àná ni mo jẹ gbẹ̀yìn."

Mo rí funfun létí ẹnu rẹ̀. Mo rọra bi í pé ẹ̀kọ ńkọ́.

"Ọma mi, ẹ̀kọ mímu nìyẹn. Ta ló ń jẹ ohun tí wọ́n ń mu?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló ti mu ún, pẹ̀lú ṣúgà. Ó yẹ kí n sọ fún Dókítà. Ojú tì mí, torí ẹnu mi ni àṣìṣe ti jáde. Mo dákẹ́. Mítà, ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, fi ṣúgà gíga hàn lára gbogbo wọn.

Ibí gan-an ni mo ti ṣẹ̀. Ewúro kò ṣeé fi pamọ́, ojú ẹni tó mu ún ló ń jẹ́rìí. Mo mọ àwọn tó ń mu ún. Nígbà tó ku ọ̀la tí a ó gba ẹ̀jẹ̀ ìparí, mo lọ sílé wọn nìkan. Mo ní kí wọ́n má mu ẹ̀kọ rárá. N kò dé ilé àwọn yòókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: ewé yìí ni mo fẹ́ kó borí. Ṣúgà àwọn tó ń mu ún nìkan ló wálẹ̀, ó sì borí. Dókítà dì mọ́ mi, ó pè mí ní olùkọ́ òun.

Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn ọsibítù sílẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Dúpẹ́ pè mí sí kọ̀rọ̀ tó ní òun fẹ́ gbé oògùn òun jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Egbò kékeré kan yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò jinná. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé bí kì í bá ṣe ewúro tí mo fún òun ni, òun ì bá ti kú.

Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Dókítà, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, àwọn ará Èmùré-Ilé ló kàn. Mo ti pinnu pé n ó sọ fún un. Ti Màmá Dúpẹ́ ni n kò mọ bí mo ṣe máa ṣe. Lánàá ó ránṣẹ́ sí mi pé ẹsẹ̀ kan tó kù ti ń ta òun, kí n já ewúro wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹnu wo ni kí n fi sọ fún un?