Kó Tó Fò Rárá

Nínú mọ́tò tó ń lọ láti Owódé sí Abẹ́òkúta, ọ̀dọ́bìnrin kan àti ìyá kan ń sọ̀rọ̀ fíìmù níwájú mi.

“Àǹtí, fíìmù akọni tó ń fò yẹn, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n fi òṣèré mìíràn sí i. A ti bú u tán kó tó fò rárá. Nígbà tí mo wá wò ó, Àǹtí, mo pàtẹ́wọ́.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Bí mo ṣe wọlé bàbá yín lẹ́yìn ikú ìyá yín náà nìyẹn. Ẹ ò tíì tọ́ ọbẹ̀ mi wò tẹ́ ẹ ti ní kò dùn. Mo dúpẹ́ pé ẹ padà tọ́ ọ wò.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà di ọwọ́ ìyá náà mú. “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò bínú lọ, Mọ́mì.”

Láti Owódé, Àǹtí ló ti ń pè é.